Ọjọ́ Tí A Fi Ẹsẹ̀ Ara Wa Tọ Ìwé Àṣẹ Ìmúni Lọ

Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti òdìkejì odò Thames ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òórùn ṣúgà tó jóná díẹ̀ ni yóò gbé wá sí Woolwich. Ilé iṣẹ́ ṣúgà kan wà ní apá ọ̀hún, òórùn rẹ̀ a máa wọ inú aṣọ tí a sá, a máa wọ inú irun, a tilẹ̀ máa wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ìwọ náà tó o ti gbé ibẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Títí di òní, tí ṣúgà bá jóná mọ́ mi lọ́wọ́, kì í ṣe ilé ìdáná mi ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Powis Street ló máa ń lọ, ní ọ̀sán gangan, tí Mummy ń bọ̀ láàárín èrò, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di gèlè mú kó má baà jábọ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí mi láti òkèèrè.

Ṣọ́ọ̀bù bàtà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mummy kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ìyá ìjọ wa ni wọ́n, ìjọ aláṣọ funfun tí a ń lọ, àwọn ni wọ́n sì fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi ní yàrá kan nínú fúláàtì wọn ní Woolwich Dockyard nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, kí àwa méjèèjì tó rí ilé sí Thamesmead East. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ohùn wọn kì í rẹlẹ̀. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú ilé, ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní ìta lè ṣe àmín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n fà mí wọ ẹ̀yìn àwọn páálí bàtà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí.

"Ọlọ́pàá wá sílé mi láàárọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ ẹ ló ń béèrè, full name o! Ó ní òun ní warrant fún un."

"Warrant kẹ̀, Mummy? Pé kí wọ́n mú un? Kí ló ṣe?"

"Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́ ni? Mo ti sọ fún un pé ó ti lọ Nigeria, kò sì ní padà wá mọ́ láyé."

Jọ̀wọ́ má fi Mummy ṣe yẹ̀yẹ́. Èsì tí gbogbo wa máa ń fọ̀ nígbà náà nìyẹn. Bí òyìnbó tó wọ súùtù, tàbí tó gbé fáìlì dání, bá kanlẹ̀kùn, tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, onítọ̀hún ti rìnrìn àjò nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ó wà ní bálùwẹ̀ tó ń kọrin. A kì í béèrè ohun tí òyìnbó náà bá wá. Ìfẹ́ ni a pè é, ìfẹ́ náà sì ni lóòótọ́. Ẹni tí a bá fẹ́ràn, a ó fi pa mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ yìí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, kì í jalè, kì í jà, kódà kì í sọdá títì kí iná tó jẹ́ kó sọdá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ní Agége ló fi í sí nígbà tó ń bọ̀, ọmọ náà kò sì tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já geere nígbà yẹn. Gbogbo overtime tó ń ṣe, gbogbo Kérésìmesì tó fi ń fọ ẹsẹ̀ arúgbó, torí kó lè mú ọmọ yẹn wá ni. Físà ti wá jáde. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ máa balẹ̀ sí Heathrow. A ti kun yàrá kékeré ilé wa ní àwọ̀ ìyeyè, a ti ra bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rẹ́ mi sì ti to àwọn ìbọ̀sẹ̀ kéékèèké sínú àpótí aṣọ, tó jẹ́ pé tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo tún máa bá a níbẹ̀ tó ń tú wọn, tó ń tún wọn tò. Ọjọ́ Ajé ni Mummy wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ ayọ̀ wa ni warrant dé bá.

Nígbà tí mo sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó rò pé mo ń ṣe àwàdà. Ìgbà tó rí ojú mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, èyí tí kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé láti ìgbà tí a ti rà á.

"Airport ni wọ́n máa ti mú mi," ó ní. "Mo máa dárúkọ ara mi fún Immigration, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á mú mi. Ojú ọmọ mi báyìí."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan!"

A bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí. Ṣé ti TV licence ni? A ti san án. Ṣé ti bọ́ọ̀sì ọjọ́sí ni, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já bọ́ sínú ihò ìjókòó? Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a wá a. Ó ní bóyá nítorí òdòdó kan tó já nínú ọgbà ìlú ni, a sì jókòó ro ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn tọkàntọkàn. Mo máa sọ òótọ́ fún ọ: ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ara mi yá gágá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òyìnbó, kò sí nǹkan kan tó tíì ṣẹlẹ̀ sí wa tó ju iṣẹ́ àti oorun lọ. Nǹkan ti wá ṣẹlẹ̀ báyìí, ó sì ní ìdí tí a gbọ́dọ̀ wá rí. Ọkàn mi ń sáré bí ti ọmọdé tó gbọ́ pé wọ́n gbé nǹkan pa mọ́ sínú ilé.

Ní ọjọ́ kejì a lọ bá Mummy. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bi wọ́n léèrè bí lọ́yà. Kí ni ọlọ́pàá náà sọ gan-an? Wọ́n ní ó sọ pé kì í ṣe Woolwich ni warrant ti wá, ó wá láti ilé ẹjọ́ ìlú kan tó jìnnà. Ìlú wo? Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n gbàdúrà díẹ̀, wọ́n wá la ojú.

"Orúkọ ìlú náà wà lára cheese," wọ́n ní.

"Cheese wo, Mummy?"

"Tí mo bá rí i, mo máa mọ̀ ọ́n."

Bí àwa mẹ́ta ṣe wọ súpámákẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tí a dúró níwájú fíríìjì ńlá tí wọ́n to wàràkàṣì òyìnbó sí, tí mò ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń ka orúkọ wọn sókè, tí Mummy sì ń mi orí. Òyìnbó kan tó fẹ́ mú tirẹ̀ dúró ti wa, ó ń wò. Mo ka èyí tó funfun, mo ka èyí tó ní ìlà búlúù, mo ka èyí tó ń rún bí ìyẹ̀fun. Nígbà tó ṣe, mo gbé ọ̀kan tí wọ́n fi bébà pupa wé.

"Òun nìyẹn!" Mummy pariwo. Ohùn wọn ti padà dé. "Òun gan-an nìyẹn!"

Mo yí padà láti wo ọ̀rẹ́ mi, mo sì rí i pé ó ti di ọwọ́ fíríìjì mú. Ó mọ ìlú náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe ń rántí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré kan ni, nínú ìgbèríko kan tí àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ. Lọ́dọọdún, bí ìjọ wa bá ń lọ gbàdúrà létí òkun, ọ̀nà ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wa máa ń gbà.

Ní ọdún tó ṣáájú, bí a ti ń ti etí òkun bọ̀, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wa gbóná, a sì dúró sórí òkè kan tí kò jìnnà sí ìlú yẹn. Oorun ti gbé gbogbo wa lọ, nítorí a ti gbààwẹ̀, a sì ti ṣe àìsùn. Uncle tó ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló wà níta, ó ń bá a gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Bàbá òyìnbó arúgbó kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, mọ́tò kan sì gbá a sínú kòtò. Ariwo ló jí àwa yòókù. Nígbà tí mo fi máa la ojú, ọ̀rẹ́ mi ti wà nínú kòtò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ti tú àmùrè funfun tó fi gbá sùtánà rẹ̀ nínú, ó sì ti fi dì í mọ́ itan bàbá náà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ó di ọwọ́ bàbá náà mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí áńbúláǹsì fi dé. Ọlọ́pàá gba orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì Dockyard tí a ń gbé nígbà náà. A wá lọ. Láàárín oṣù díẹ̀ a kó lọ sí Thamesmead, kò sì sí ẹni tó tún rántí ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá yẹn ti kú," ọ̀rẹ́ mi sọ níwájú àwọn wàràkàṣì yẹn. "Bàbá yẹn ti kú, wọ́n sì ní èmi ni mo pa á."

"Jésù!" Mummy di orí mú. "Wọ́n máa ní o kì í ṣe nurse, kí ló dé tí o fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, kí ló dé tí o fọwọ́ kàn án?"

Mo rí i pé ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Bóyá ó di àmùrè náà le jù. Bóyá kò yẹ kó yí ẹsẹ̀ bàbá náà padà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, èyí tó fi ń gbé arúgbó láràárọ̀, ó sì kì wọ́n bọ àpò. Ọkàn mi bàjẹ́ fún un.

Èmi kì í lè jókòó ti ìbànújẹ́ lásán. Mo ní ká lọ mọ òótọ́. Mo fà á lọ sí ilé ìkàwé Woolwich, a bá wọn gba ìwé nọ́ńbà fóònù ìgbèríko yẹn, mo sì kọ nọ́ńbà ilé ẹjọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Fóònù ilé wa kọ́ ni a lò o. A ti wo fíìmù tó pọ̀, a mọ̀ pé wọ́n lè tọpasẹ̀ ẹni. Inú ilé fóònù onígíláàsì kan ní etí títì ni a há ara wa sí, àwa méjèèjì pẹ̀lú Mummy. Èémí wa bo gíláàsì náà débi pé a kò rí ìta mọ́. Mo fi káàdì sí i, mo tẹ nọ́ńbà, mo fi ohùn tí mo máa fi ń ta bàtà fún àwọn olówó sọ pé mo ń béèrè fún ẹnìkan tí mo mọ̀.

Ọkùnrin tó gbé e kò kánjú rárá. Ó ní tí kì í bá ṣe ẹni náà fúnra rẹ̀, òun kò lè sọ nǹkan kan. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó dárúkọ ara rẹ̀ ketekete, orúkọ àti orúkọ bàbá. Mummy di ojú.

Nǹkan tí a gbọ́ nìyí. Lóòótọ́ ni ìwé àṣẹ ìmúni wà. Ọkùnrin náà ní bench warrant ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló dìde fúnra rẹ̀ tó ń wá a kiri. Àwọn adájọ́ ló pàṣẹ láti orí ìjókòó wọn, nítorí pé wọ́n ti ní kó wá síwájú àwọn nígbà kan rí, kò sì wá. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ẹni tó sọ fún òun pé kí òun wá. Ọkùnrin náà ní kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Ó ní òun kò lè sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa pè é ní ọjọ́bọ̀. Tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, wọ́n lè fagi lé àṣẹ náà lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá wá, ibikíbi tí ọlọ́pàá bá ti rí i, wọ́n á mú un. Káàdì wa tán ní ibi tó ti ń dágbére.

Ọjọ́bọ̀ ni ilé ẹjọ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ ń bọ̀. Ìjà bẹ́ nínú ilé fóònù yẹn.

"Kò ní lọ!" Mummy ní. "Kí ọmọ dé ná. Tí wọ́n bá tì í mọ́lé Thursday, ta ló máa lọ airport Friday? Ẹ jẹ́ kó sùn sílé mi fún one month, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Mo fẹ́ gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ̀.

"Mummy, ẹ gbọ́. Ọmọ yẹn ò mọ̀ mí. Fọ́tò mi ló mọ̀. Ṣé bí mo ṣe ń sá fún ọlọ́pàá ló máa kọ́kọ́ mọ̀ nípa mi? Mo máa lọ."

Nígbà tí a dé ilé, ó fún mi ní fọ́tò ara rẹ̀ kan, ẹ̀dà èyí tó wà lára ògiri ìyá rẹ̀ ní Agége. "Tí mi ò bá padà," ó ní, "gbé e sókè ní airport. Á mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ." Mo gbà á, mo sì lọ sí bálùwẹ̀ lọ sunkún.

Ní ìdájí ọjọ́bọ̀, Uncle gbé bọ́ọ̀sì ìjọ wá. Mummy ti jókòó sí iwájú pẹ̀lú sùtánà wọn, láìwọ bàtà, ìgò omi àdúrà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní tí àwọn kò bá lè dá a dúró, àwọn máa tẹ̀ lé e. A gba ìlú London kọjá, ilé ń dín kù, igbó ń pọ̀ sí i, Mummy sì dá orin sílẹ̀. Kí a tó mọ̀, gbogbo wa ti ń gbè é, Uncle ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Tí o bá rí wa lọ́jọ́ yẹn, o máa rò pé ìgbéyàwó ni à ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi ń dùn, mi ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí àwa ènìyàn wa tí a ń sáré lọ bá ohun tí à ń sá fún.

Nígbà tí a dé orí òkè yẹn, ẹ́ńjìnnì tún gbóná. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, orí òkè yẹn náà ni. Uncle bọ́ sílẹ̀, ó ń kùn.

"Òkè yìí àti radiator mi, wọ́n ní ìjà tí wọn ò tíì parí."

Mo ń wo aago léraléra. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ sí ibi tó dúró sí lọ́dún tó kọjá, ó sì dúró jẹ́ẹ́. "Ibí ni mo wà," ó ní. "Bàbá yẹn wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Mọ́tò yẹn ló wá bá a." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko, àwọn àgùntàn ń wò wá. Nígbà tí Uncle pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ padà wọ bọ́ọ̀sì.

Ilé ẹjọ́ náà kò tóbi ju gbọ̀ngàn ìjọ wa lọ. Ó ń rùn bí ìpara tí wọ́n fi ń dán pákó àti aṣọ òtútù tí òjò pa. Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo orí yí sí wa: ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tó wọ aṣọ tó dára jù lọ tí wọ́n ní, ọkùnrin kan tó ní girisi lọ́wọ́, àti ìyá ńlá kan tó wọ aṣọ funfun balẹ̀ láìwọ bàtà. Lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan tó jókòó ní ìlà kejì fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Ó ti dé!" ó pariwo. "Obìnrin náà nìyẹn! Mo sọ fún yín pé ó máa wá!"

Kò kú! Mo di ọ̀rẹ́ mi mú, òun náà di mí mú, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé ara wa lórí nínú ilé ẹjọ́ ìjọba. Ó wà láàyè, ojú rẹ̀ pupa, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Adájọ́ mẹ́ta ló wà lórí ìjókòó. Obìnrin tó wà láàárín dárúkọ ọ̀rẹ́ mi, ó gbìyànjú dáadáa, ó sì bi í bóyá òun ni.

"Èmi ni, Ma," ọ̀rẹ́ mi dáhùn. Ohùn rẹ̀ dún jáde.

Obìnrin náà ní ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti ń wá a, pé ọkùnrin kan ti gbé ìwé ìpè lọ sílé rẹ̀, wọ́n sì lé e padà. Kí ló dé tí kò wá? Mo gbọ́ tí nǹkan wúwo kan kan ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Mummy ló kúnlẹ̀, eékún méjèèjì, láàárín ilé ẹjọ́.

"Madam, it is me! I told the man she is in Nigeria! I told the police Nigeria too! Please, Madam. Her daughter is coming tomorrow!"

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yí padà wò wọ́n. Ẹnìkan ti wá ṣáájú ọlọ́pàá, Mummy kò sì sọ fún wa! Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n, wọ́n sì wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Wọ́n ní ṣé gbogbo òyìnbó tó bá ti béèrè wa ni kí àwọn máa ròyìn ni.

Àwọn adájọ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun gbé ìyá yẹn dìde, ṣùgbọ́n Mummy kò dìde títí àwọn adájọ́ fi fi orí korí, tí wọ́n sì ní àwọn ti fagi lé ìwé àṣẹ náà. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà wá sọ ohun tí a kò rò rí. Ó ní kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ọ̀rẹ́ mi, kò sì sí rí. Awakọ̀ tó gbá bàbá náà ló ń jẹ́jọ́. Awakọ̀ náà sọ pé bàbá náà ló fi kẹ̀kẹ́ ya wọ ọ̀nà òun, kò sì sí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹlẹ́rìí ni ọ̀rẹ́ mi. Òun nìkan ṣoṣo.

Ó gun ibi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ó búra, ó sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ lórí òkè ní àárọ̀ yẹn. Lọ́yà awakọ̀ bi í báwo ló ṣe lè dá a lójú, ẹni tí kò sùn mọ́jú, tó ń gbé omi fún bọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi ní iṣẹ́ òun ni pé kí òun máa wo àwọn arúgbó kí wọ́n má baà ṣubú. Ó ní bí òun ṣe rí bàbá náà lórí kẹ̀kẹ́ lójú òkè, òun kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ òun lára. Lọ́yà náà jókòó. Wọ́n dá awakọ̀ náà lẹ́bi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwa sì wà níta níbi tí Uncle ti ń bu omi sí radiator nígbà tí a gbọ́ ọ.

Bàbá náà tọ̀ wá wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àmùrè funfun náà jáde, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a dáadáa. Ó ní ìyàwó òun ti fọ̀ ọ́ léraléra, àbàwọ́n kékeré kan ló kọ̀ tí kò lọ. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà ni òun máa ń mú un wá, bóyá obìnrin tó ni ín á wá lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi fi àmùrè náà bo ojú. Mummy gbàdúrà fún bàbá yẹn ní Yorùbá, lórí títì, pẹ̀lú ohùn wọn gan-an, ó sì ń ṣe àmín níbi tó bá rò pé ó yẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Heathrow kún dẹ́nu. Fọ́tò wà nínú báàgì mi, ṣùgbọ́n n kò nílò láti yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló ń ju àmùrè funfun yẹn lókè orí gbogbo èrò, ó ń fò. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan di ọmọ náà lọ́wọ́ mú jáde, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Ó wo àmùrè, ó wo ojú obìnrin tó ń jù ú, ó wá kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti Agége.

"Ṣé ẹ̀yin ni Mummy mi, Ma?"

"Èmi ni," ọ̀rẹ́ mi ní.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yẹn parí yunifásítì ni mo sọ ìtàn yìí fún un, kí n tó sọ ọ́ dé ilé ẹjọ́ ló sì bi mí pé, ṣé wọ́n wá mú Mummy òun ní ìgbẹ̀yìn? Mo ní wọn kò mú un, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú òyìnbó, bí a ṣe máa wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí wa ni mo mọ̀. Mo rò pé tí wọ́n bá ti dárúkọ wa, ibi ló dé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé wọ́n lè máa wá ènìyàn nítorí ohun rere tó ti ṣe tó sì ti gbàgbé, pé bàbá arúgbó kan lè wà níbì kan nínú ìgbèríko tó ń retí rẹ̀, nígbà tí àwa ń fi ìfẹ́ sọ fún gbogbo ayé pé kò sí nílé. Mummy kò yí padà pátápátá o. Títí wọ́n fi kúrò ní Dockyard, ẹni tó ń ka mítà gáàsì náà ṣì ń gbọ́ pé gbogbo wa ti lọ Nigeria. Ṣùgbọ́n èmi, tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn báyìí, tí ohùn àlejò sì dárúkọ mi ní kíkún, ọkàn mi á kọ́kọ́ sáré bó ṣe sáré níwájú àwọn wàràkàṣì yẹn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ṣílẹ̀kùn, mo máa ń ní èmi ni.